Ohun Tí Mùínátù Rí Lára Táyà

Kí ọkùnrin náà tó sọ̀ kalẹ̀ ni Mùínátù ti rí i pé inú ń bí i. Inú píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan ló wà, ó di ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni tó di ewúrẹ́ tó fẹ́ já mú, iwájú ọkọ̀ náà sì ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún bí ẹni tí ibà ń ṣe. Pákó tó kó sẹ́yìn ń lu ara wọn gbàgà-gbàgà. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà yà fún un. Nígbà tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà ní Fọlágbádé, nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

"Alhájì tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí dà?"

"Ẹ káàárọ̀ o, bọ̀dá," ni Mùínátù fi dá a lóhùn.

Ìkíni náà dá a dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. "Ẹ káàárọ̀, sìsí. Ẹ má bínú. Alhájì ta táyà tuntun mẹ́rin fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Látìgbà náà ni ọkọ̀ mi kò ti jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ìmùṣin ni mo ti ń bọ̀ yìí, eyín mi ló kù kó máa já bọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mùínátù, ó gbé e mì. "Ṣé ẹ ka eyín yín kí ẹ tó kúrò nílé?"

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wá ìbínú rẹ̀ tì, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Bọ́dúnrìn lorúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ṣọ́jà tó tún gbàjọba, tí wọ́n dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ra pákó ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tó ń gbé e wá fún àwọn káfíńtà Ìjẹ̀bú-Òde. Mùínátù ní tirẹ̀, ọmọ Alhájì Gbàdàmọ́sí tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ni. Ó ka ìwé gírámà, ṣùgbọ́n àárín táyà ló dàgbà sí, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ sì ti kú, òun ló ń bá bàbá rẹ̀ mójú tó ọjà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bímọ méjì mẹ́ta, òun kò tíì rí ẹni tó wù ú. Ìbàdàn ló lọ lọ́jọ́ tí Bọ́dúnrìn wá ra táyà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tíì ríra.

"Níbo ló ti ń mú yín?" ni Mùínátù bi í. "Ọwọ́ ni àbí ìdí?"

"Ìdí ti báwo?"

"Bó bá jẹ́ pé ìtọ́kọ̀ ló ń bá yín jà, iwájú ni nǹkan wà. Bó bá jẹ́ ìjókòó ló ń gbọ̀n lábẹ́ yín, ẹ̀yìn ni."

"Ọwọ́ ni."

"Ṣé bẹ́ẹ bá ti gbéra náà ni, àbí ó dìgbà tẹ́ẹ bá sáré?"

"Bí mo bá rọra ń lọ, ó ń jó díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ó di ìjàkadì."

Mùínátù mú sípánà, ó yẹ àwọn nọ́ọ̀tì wò. Kò sí èyí tó dẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi jáàkì gbé iwájú sókè. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, kò rìn. Ó yí i, ó fi ṣọ́ọ̀kì sún mọ́ etí ríìmù bó ti ń yí, ríìmù tọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bálánsì, onítọ̀hún kan òjé kéékèèké mọ́ etí ríìmù. Gbígbọ̀n náà dín kù. Kò lọ.

"Ẹ padà wá lọ́la," ni Mùínátù wí.

Ó padà wá. Mùínátù ní kí wọ́n gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kí wọ́n gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú. Lẹ́yìn náà ló wọlé jókòó ti Bọ́dúnrìn, wọ́n kọrí sọ́nà Ìjagun. Oòrùn àárọ̀ ń bọ́ sórí ìborùn rẹ̀. Bọ́dúnrìn tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ti dákẹ́!" Inú rẹ̀ dùn bí i tọmọdé. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Sìsí, ìdí mi ti gba iṣẹ́ náà ṣe o."

Mùínátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ti yé mi," ni ó wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe ọkọ̀ yín ló ń ṣàìsàn. Ara ọ̀kan nínú àwọn táyà yìí ló wà, ó sì bá táyà lọ sẹ́yìn. Ó ku ká mọ èyí tó jẹ́."

"Ẹ má kánjú mọ̀ ọ́n o. Bẹ́ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí ni màá tún máa wá ṣe ní Fọlágbádé?"

Mùínátù yíjú sójú fèrèsé kó má baà rí ojú òun.

Wọn kò kánjú lóòótọ́. Òjò ń rọ̀, iṣẹ́ ń di Bọ́dúnrìn lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sí ìgbà tó wọ̀lú tí kì í yà. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ táyà kì í tilẹ̀ wáyé. Wọn a jókòó sínú ọkọ̀ tí òjò ń lu òrùlé rẹ̀, Bọ́dúnrìn a máa sọ bí ojú ṣe tì í lọ́jọ́ tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó rìn yí Ìmùṣin ká kó tó lè wọlé tọ ìyá rẹ̀. Mùínátù a máa sọ bí ilé ṣe rí láìsí ìyá. Ẹ̀dùn ọkàn ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, kí ìfẹ́ tó dé.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ti Ìjagun bọ̀, Bọ́dúnrìn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ àìsàn ọkọ̀ báyìí, ṣé ẹ mọ tènìyàn?"

"Irú àìsàn wo?"

"Oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu mi mọ́ bí mi ò bá tíì gba Fọlágbádé kọjá."

"Ebi ló ń pa ọ́," ni Mùínátù wí.

Àwọn méjèèjì gbọ́ "ọ" yẹn. Mùínátù fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Bọ́dúnrìn rọra dẹ iná ọkọ̀, ó ní, "Adúmáradán mi, tún un sọ." Láti ọjọ́ náà, "ẹ" kúrò láàárín wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n rí àléébù náà, oòrùn mú gan-an. Wọ́n ti fi ògbólógbòó táyà kan rọ́pò ti ẹ̀yìn lápá òsì, gbígbọ̀n náà sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bọ́dúnrìn gbé pákó lọ fún káfíńtà, ó fi táyà tó yọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mùínátù. Mùínátù yọ ọ́ kúrò lára ríìmù, ó gbé inú rẹ̀ sí oòrùn.

Àpá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí ló kọ́kọ́ rí. Inú táyà náà ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi èékánná tọ èjìká rẹ̀, ó kan ìlà tín-ín-rín kan tó yí i po. Táyà tó ti gbó ni. Wọ́n kàn lẹ rọ́bà tuntun mọ́ ọn lórí ni, wọ́n sì fi bébà wé e bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Níbì kan, rọ́bà òkè náà ti ń ṣí kúrò lára tìsàlẹ̀, ó wú díẹ̀. Ohun tó ń gbọn ọkọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá ṣí tán, táyà náà yóò bẹ́.

Mùínátù wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó tú bébà lára àwọn tó kù. Ìlà kan náà ló wà lára gbogbo wọn.

Nígbà tí Alhájì Gbàdàmọ́sí kí ìrun Alásárì tán, tó ti mọ́sálásí dé, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ìdúró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." Alhájì kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí kò ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn ni Mùínátù fi mọ̀ pé ó ti mọ̀.

"Wọ́n rẹ́ èmi náà jẹ ni, Mùíná," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Ọjà ti há, a kò rí táyà rà mọ́. Ìgbà tí mo kó o délé ni mo tó rí i. Ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó, mo padà lọ, mi ò bá a mọ́. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà níbẹ̀."

"Ẹ sì tà á."

"Mo tà á."

"Àwọn tó ti rà á ńkọ́, Bàbá?"

"Ọlọ́run á ṣọ́ wọn. Mo búra fún ọ, mi ò ní ta ìyókù mọ́. Ṣùgbọ́n bóo bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde, o ti sin mí láàyè nìyẹn."

Alhájì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ, ó kó ìyókù sẹ́yìn ilé. Mùínátù náà pa ẹnu mọ́, àfi fún ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí Bọ́dúnrìn gbọ́ ọ, kò pariwo. Ó jókòó sí etí ọkọ̀. "Bàbá rẹ ni," ni ó wí. "Nítorí tìẹ, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó yọ àwọn mẹ́ta tó kù kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó wá òmíràn sí i, kò bá Alhájì fa ọ̀rọ̀ kankan. Mùínátù fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Kò mọ̀ nígbà náà pé òun ṣì ń bọ̀ wá kórìíra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà.

Ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù ni Ràmọ́tà ti ń ta búrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀, Yẹ̀kínì, ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó ra táyà yẹn. Àràárọ̀ ni Mùínátù máa ń kí Ràmọ́tà, àràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dé ètè rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbìyànjú.

"Àǹtí Ràmọ́, ṣé ọkọ̀ bọ̀dá Yẹ̀kínì kì í gbọ̀n báyìí?"

"Gbígbọ̀n kẹ̀? Ó ń lọ bí omi ni."

Mùínátù mí kanlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí kò bá gbọ̀n, bóyá tiẹ̀ dáa. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Bọ́dúnrìn mú ìyá rẹ̀, Màmá Edith, àti Albert, àbúrò bàbá rẹ̀, wá tọrọ Mùínátù. Alhájì gbà wọ́n lálejò dáadáa, ó fún wọn lómi, lẹ́yìn náà ló ní òun kò lè fi ọmọ òun fún onígbàgbọ́. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilé wo ni kò sí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí? Ọkọ àbúrò Alhájì gan-an, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Mùínátù kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Bàbá."

"Mo rí i pé ó ti yọ táyà mi kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé o ti sọ fún un. Ṣé kí n máa wo ojú ẹni tó mọ̀ mí ní olè ni, lọ́dọọdún, níwájú ẹran Iléyá? Bó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí ni màá rò pé ó ń rò?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ nìyẹn. Ó ṣàánú mi."

Kò pẹ́ sí àkókò náà, lọ́jọ́ kan tí oòrùn wà ní àtàrí, ariwo ta ní òdìkejì ọ̀nà. Mùínátù rí Ràmọ́tà tó ká ọwọ́ lérí, tó ń sá lọ sá bọ̀ láìmọ ibi tó ń lọ, búrẹ́dì túká sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Táyà iwájú ti bẹ́ mọ́ Yẹ̀kínì nídìí lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbókìtì. Àwọn èrò fara pa, òun nìkan ló kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín.

Nígbà tí wọ́n wọ́ àfọ́kù ọkọ̀ náà dé, Mùínátù kọjá lọ wò ó. Ohun tó kù lára táyà iwájú so rọ̀ bí awọ tí wọ́n bó. Ó fi èékánná tọ èjìká rẹ̀. Ìlà náà wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ di ìkorò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá di ojú, Yẹ̀kínì ni yóò máa rí, tó ń juwọ́ sí i láti òdìkejì bó ti máa ń ṣe. Bọ́dúnrìn wá, Mùínátù kọ̀ láti jáde. Ó tún wá. Mùínátù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Má wá mọ́."

"Kí ni mo ṣe, olólùfẹ́ mi?"

"Ẹ̀mí tìẹ ni mo dá sí. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì sọ fún ọ. Ti Yẹ̀kínì, mo fi sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọ láàyè ni màá máa rántí. Máa lọ."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Ó rò pé òpin rẹ̀ nìyẹn.

Kò lè gbé e mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ bá Ràmọ́tà nínú ilé tó ti ń ṣe opó. Ràmọ́tà jókòó sórí ẹní, àwọn ọmọ rẹ̀ sùn tì í. Mùínátù kúnlẹ̀.

"Àǹtí Ràmọ́, táyà tó pa bọ̀dá Yẹ̀kínì, mo ti mọ̀ pé kò dáa."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Ràmọ́tà. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Kí òjò tó dá."

"Kí òjò tó dá." Ó tún un sọ, ó tún un sọ. "Lọ́jọ́ tóo bi mí bóyá ọkọ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n?"

Mùínátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo rò pé ò ń ṣeré ni. Mo sọ fún un nígbà tó délé. Ó rẹ́rìn-ín." Ràmọ́tà fa aṣọ bo ẹsẹ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò ní ṣépè fún ọ, Mùínátù. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, mi ò ráyè èpè. Ṣùgbọ́n má sọ pé kí n dárí jì ọ́. Dìde nílẹ̀ mi."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ó gba ìlú kan. Kò sẹ́ni tó tún ra nǹkan lọ́wọ́ Alhájì mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà mọ́sálásí pè é, kò jiyàn. Ó jẹ́wọ́ níwájú wọn, ó bọ́ fìlà, ó sunkún. Wọ́n ní kó máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ Yẹ̀kínì. Ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọlé lọ dùbúlẹ̀. Kò bá Mùínátù jà. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Láàárín wàhálà yìí ni Mùínátù gbọ́ pé Bọ́dúnrìn ti lọ sílé Ràmọ́tà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun náà mọ̀. Mùínátù bá a níbi tó ti ń já pákó.

"Ta ló rán ọ lọ? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ."

"Èmi náà mọ̀, èmi náà dákẹ́. Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ máa ru ú ni?"

Mùínátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹkún jáde nìyẹn látìgbà tí Yẹ̀kínì ti kú. Bọ́dúnrìn kò sọ pé kó dákẹ́. Nígbà tó sun ún tán, Bọ́dúnrìn bi í pé, "Àwọn wo ló tún rà nínú rẹ̀?"

Wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n dé Ayépé, wọ́n dé Ìjagun, wọ́n dé àwọn abúlé tí ọ̀nà ti tán. Àwọn kan dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn kan bú wọn. Bàbá kan ní Ayépé lé wọn jáde, ó ní ọkọ̀ òun kò gbọ̀n. Ẹkún Mùínátù ló yí i lọ́kàn padà. Wọ́n rí gbogbo rẹ̀ kó, ó ku méjì. Àlejò kan tó ń lọ sí Òkè Ọya ló rà wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ tàbí ìlú tó lọ. Wọ́n béèrè ní gáréèjì títí wọ́n fi sú àwọn awakọ̀. Àwọn táyà náà wà níbì kan, wọ́n ń yí lábẹ́ ẹnì kan. Títí dòní, wọn kò mọ̀.

Nígbà tí Bọ́dúnrìn tún wá tọrọ Mùínátù, orí ibùsùn ni Alhájì wà. Ó kọjú sí ògiri. "Máa mú un lọ," ni ó wí. "Mi ò ní ẹnu tí mo fi ń kọ̀ mọ́."

Màmá Edith náà kò fi bò. "Mi ò fẹ́ ilé yìí fún ọmọ mi," ni ó sọ fún Mùínátù lójúkojú. "Ṣùgbọ́n ẹni tó lè lọ kúnlẹ̀ síwájú opó sọ òótọ́, kò ní purọ́ fún ọmọ mi." Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọbìnrin náà.

Àwọn àgbà díẹ̀ ló péjọ sí pálọ̀ Alhájì láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n fún ìyàwó ní Kùránì, Màmá Edith kọ orin ìyìn kan ní ohùn tútù, ìgbéyàwó parí. Alhájì gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò.

Bọ́dúnrìn gbé àpótí ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gba ọ̀nà Ìmùṣin. Oko òrònbó ń kọjá lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ ń kọjá lósì.

"Ṣé inú rẹ dùn?" ni Bọ́dúnrìn bi í.

Mùínátù rò ó dáadáa, nítorí ó ti pinnu pé òun kò ní purọ́ fún un láé. "Mi ò tíì mọ̀."

Bọ́dúnrìn na ọwọ́ kan sí i, Mùínátù sì dì í mú.

"Kò burú," ni Bọ́dúnrìn wí. "Nígbà tóo bá mọ̀, kóo sọ fún mi."